Ìwé Tí Wọn Kò Kà fún Ṣẹ̀fíátù

Ọ̀rẹ́ mi ni Ṣẹ̀fíátù Rájí láti ìgbà tí a ti jọ wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló ń rán jù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Odò-Orì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Èmi, tíṣà ni mí, Moṣọpẹ́ ni orúkọ mi. Tí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, èmi ni mo máa ń darí àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ohun tó bá rán kì í tú. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, ohùn mi á ti ga, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù. Bóyá bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, n óò lè sọ ọ́ tán.

Ọdún 2020 ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni Ṣẹ̀fíátù nígbà náà, ó ti bí ọmọ mẹ́ta fún Lateef ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ó rán bùbá fún ara rẹ̀ de Iléyá, ó wọ̀ ọ́ wò, ó rí i pé apá òsì fún un láyà, apá ọ̀tún sì bá a mu. Ó rò pé òun ló gé aṣọ náà wọ́. Ó tú u, ó tún un rán, bákan náà ló rí. Ìgbà tó mú téèpù tó ń fi wọn ara rẹ̀ níwájú díńgí ni ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan kan nínú ọmú òsì. Ó tóbi tó òroǹbó kékeré, ó rọ̀, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, kò sì dùn ún rárá.

Ó fi hàn mí. Mo ní kó lọ sí ọsibítù. Títí dòní ni mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí n kò sọ ọsibítù wo.

Ọsibítù aládàáni kan ló lọ, níbí ní Ìwó. Adéyẹmọ ni dókítà tó ni ín ń jẹ́. Gbogbo ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún un: ó mọ orúkọ àwọn àgbà àdúgbò, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárín títì. Ó ní kí Ṣẹ̀fíátù dùbúlẹ̀, ó tẹ ọmú náà, ó tẹ abẹ́ apá rẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́. Ṣẹ̀fíátù ní kò tó àkókò tí òun fi ń rán bọ́tìnnì kan mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà dókítà ní kó lọ jókòó síta, kí ọkọ rẹ̀, tó bá a wá, wọlé.

"Jẹjẹrẹ ni," ó sọ fún Lateef. "Jẹjẹrẹ ọmú. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣe é."

Lateef bi í bóyá kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n lè kọ́kọ́ ṣe. Dókítà ní ó ti lé lógún ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òun mọ jẹjẹrẹ. Ó ní kí wọ́n tó lọ ṣe àyẹ̀wò n'Íbàdàn, kí èsì tó dé, ó lè ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó gbé ìwé síwájú rẹ̀. Lateef fọwọ́ sí i.

Ohun tí wọ́n sọ fún Ṣẹ̀fíátù fúnra rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ yọ kókó kan. Ọmú méjì ló gbé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó jí, báńdéèjì ti di àyà rẹ̀ pinpin, apá òsì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Lateef jókòó tì í, ó ń sunkún.

"Kí ni wọ́n ṣe fún mi?"

"Mo fẹ́ kó o wà láàyè ni," Lateef wí. "Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Mo fẹ́ kó o wà láàyè."

Ó dárí jì í lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ rántí pé ó gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé iná ń jó ilé rẹ̀ kò ní bínú sí ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ojú egbò jinná, wọ́n tú báńdéèjì ìkẹyìn, dókítà ní kó máa lọ. Kò fún un ní oògùn kankan ju èyí tí ń mú ìrora rọlẹ̀. Kò ní kó padà wá. Ṣẹ̀fíátù túmọ̀ rẹ̀ sí pé kò sí ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe fún òun mọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra ikú nìyẹn, n kò sì bù mọ́ ọn. Ó kó àwọn aṣọ òkè rẹ̀ pín fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó kọ́ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ tí àbíkẹ́yìn wọn fẹ́ràn. Kò gba ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́, ó ní òun kò fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bó bá wúkọ́, ó ti dé nìyẹn. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún torí pé ó jókòó ti máṣíìnì jù, ó ti dé nìyẹn. Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí òun níhòhò mọ́. Ó fi òwú àti àjákù aṣọ rán nǹkan kan tó ń fi sínú kọ́mú, ó wọ̀n ọ́n títí tó fi bá ìkejì dọ́gba, tó fi jẹ́ pé obìnrin tó wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè mọ̀.

Gbogbo ìyẹn, èèyàn lè ní ó ti kọjá. Èyí tí kò kọjá ni ti Àsmá'ù.

Àsmá'ù ni àkọ́bí rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Tí ọmọ yẹn bá bi èèyàn ní ìbéèrè, àfi kí èèyàn lọ wá ìwé kà kó tó dá a lóhùn. Lọ́dún 2021, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gbà á wọlé. Ìwé ìgbàwọlé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é wọ yàrá.

"Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é," Ṣẹ̀fíátù sọ fún un. "N kò ní ọdún mẹ́ta, Àsmá'ù. Jẹ́ kí n rí ilé ọkọ rẹ. Jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ kí n tó lọ."

Ọmọ náà sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé ìgbàwọlé náà, ó fi pamọ́, ó ní òun gbà. Wọ́n so yìgì òun àti Abdulsobur, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ńtì àti irin n'Ílé-Ogbó. Abdulsobur kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n Àsmá'ù kọ́ ló yàn án, òun kọ́ ló yan Ilé-Ogbó, òun kọ́ ló sì yàn pé kí òun máa ka àpò símẹ́ńtì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́dún kejì, ó bí obìnrin. Ṣẹ̀fíátù gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó, ó sì padà sídìí máṣíìnì, ó ń dúró de ikú.

Ikú kò dé. Kókó mìíràn ló dé.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní ìparí ọdún 2023 nígbà tó kàn án, nínú ọmú ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rí i tó ń fọwọ́ tẹ ibẹ̀ nígbà tó rò pé ìta ni mo ń wò. Mo bi í léèrè.

"Fi mí sílẹ̀, Moṣọpẹ́," ó wí. "Wọn ò ní gé ìkejì. Bó bá fẹ́ pa mí, kó pa mí pẹ̀lú rẹ̀."

Mo bá a jà. A jà débi pé àwọn ọlọ́kadà dìde wá wò wá. Lọ́jọ́ kẹta, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo fà á wọ mọ́tò, ó di ọsibítù ńlá kan l'Óṣogbo.

Obìnrin ni dókítà tó rí wa, Dókítà Oyèdàmọ́lá ni wọ́n ń pè é. Kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Ó tẹ orúnkún kí wa kó tó jókòó, ó sì jẹ́ kí Ṣẹ̀fíátù sọ̀rọ̀ tán láìdá a mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo àpá apá òsì fún ìgbà pípẹ́.

"Mà, lẹ́yìn tí wọ́n gé e, oògùn wo ni wọ́n fún yín?"

"Ti ìrora."

"Wọn ò fún yín ní oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí wọ́n máa ń fà sára bí omi? Wọn ò ní kí ẹ lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó ojú ibẹ̀?"

"Rárá."

"Èsì àyẹ̀wò ńkọ́? Ẹran tí wọ́n gé, kí ni wọ́n sọ pé ó jẹ́?"

Ṣẹ̀fíátù wò mí, èmi náà wò ó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn rí, àwa náà kò sì bi ara wa.

Dókítà náà ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹran tí wọ́n bá gé lára èèyàn, wọn kì í jù ú nù. Inú ìgò ni wọ́n ń fi í sí pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn tí ń gé e félé-félé, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan tíńtín di ńlá wò ó. Àwọn yẹn ló lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun.

"Ọwọ́ ò lè sọ ọ́," ó wí. "Ọwọ́ tèmi gan-an ò lè sọ ọ́. Ẹ bá mi lọ gba ìwé náà wá."

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí ọsibítù Adéyẹmọ. Obìnrin tí ń tọ́jú fáìlì sọ pé ti 2020 ti pẹ́, inú yàrá ẹ̀yìn ló wà, kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní a ó dúró. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi pe ìrun Àílà. Nígbà tó gbé fáìlì náà jáde, eruku ti bò ó. Ìwé náà wà nínú rẹ̀, ó há sẹ́yìn èyí tí Lateef fọwọ́ sí, òǹtẹ̀ ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn sì wà lójú rẹ̀. Obìnrin náà yọ ọ́ fún wa, ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

A dúró sábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́nu géètì. Ṣẹ̀fíátù ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n òyìnbó inú ìwé náà le. Ó ní kí n kà á. Ọ̀rọ̀ kan wà lókè tí n kò rí rí láyé mi, hamatómà. Ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e, ọmọ ilé-ìwé girama á mọ ohun tó wí. Mo kà á. Mo tún un kà.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Jẹ́ ká gbé e lọ fún dókítà l'Óṣogbo."

"Moṣọpẹ́, kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́. Mo wo ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ ni. Ojú egbò kò tíì jinná nígbà náà. Ọjọ́ méjì-méjì ló ṣì ń lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ báńdéèjì. Òun àti ìwé náà jọ wà nínú ilé kan náà.

Ó yí padà, ó wọlé. N kò mọ̀ pé Ṣẹ̀fíátù lè rìn kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní dókítà ń rí aláìsàn lọ́wọ́. Ṣẹ̀fíátù ṣí ilẹ̀kùn. Dókítà Adéyẹmọ wà nídìí tábìlì, bàbá arúgbó kan sì jókòó níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá," Ṣẹ̀fíátù sọ fún arúgbó náà, ó kúnlẹ̀ fún un. Ó dìde, ó gbé ìwé náà lé tábìlì. "Ẹ kà á sí mi létí, dókítà."

Adéyẹmọ wò ó. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, mo sì rí i bó ṣe tún ojú náà ṣe.

"Ìyá Àsmá'ù! Ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó. Ẹ kà á."

"Ohun tí wọ́n ń wí ni pé nǹkan náà kì í ṣe èyí tó burú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹlòmíì ń wá irú èsì yìí, kò rí i."

"Ẹ ní kí n dúpẹ́." Ohùn rẹ̀ kò tíì ga. "Ọmú mi dà?"

"Nígbà yẹn, bó ṣe rí lọ́wọ́ mi..."

"Ọmú mi dà, dókítà?"

"A pè yín lórí fóònù nígbà tí èsì dé. Nọ́ńbà yín ò lọ."

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta dìde dúró.

"Nọ́ńbà mi wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi! Ìyàwó yín mọ ibẹ̀! Oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ó kó àwọn ọmọ yín wá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọn àyà wọn, mo rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Mo rán ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Mo rán ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín wà nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ń juwọ́ sí mi! Ẹ mọ ibi tí mo wà! Ẹ mọ̀ ọ́n!"

Dókítà ní kí a máa lọ sílé, pé òun á wá bá wa nírọ̀lẹ́, pé ọ̀rọ̀ tí a lè yanjú ní ìtùnbí-ìnùbí ni. Ṣẹ̀fíátù mú ìwé rẹ̀. Bàbá arúgbó náà mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó tẹ̀ lé wa jáde.

Nígbà tí a délé, ó kan Lateef. Mo fẹ́ máa lọ, Ṣẹ̀fíátù ní kí n dúró. Lateef gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó jókòó sórí pákó tó ń fá lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Mi ò mọ̀," ó ń wí. "Ọlọ́run jẹ́rìí mi. Wọ́n ní o máa kú."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ni, Lateef. Etí mi ò di, orí mi ò dàrú. Ìwọ àti dókítà yẹn wà nínú yàrá, ẹ jọ ń pín ara mi, èmi sì wà lórí bẹ́ǹṣì níta tí mò ń wo ara ògiri. Kí ló dé tí o ò jáde wá bi mí?"

Ṣẹ̀fíátù kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Gídígbó, ó sì pé ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó padà.

Ó fẹ́ kí n bá òun sọ fún Àsmá'ù. Mo kọ̀. Mo ní mo lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ọmọ náà ti gbọ́ pé yóò kú, ẹnu rẹ̀ náà ló yẹ kó ti gbọ́ pé kò ní kú. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilé-Ogbó. Àsmá'ù wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, símẹ́ńtì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di funfun. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé omi wá. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Nígbà tó sọ ọ́ dé ìdajì, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sórí ilẹ̀.

Àsmá'ù tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ ní ẹ ò ní ọdún mẹ́ta," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò."

"Àwọn tí wọ́n gbà pẹ̀lú mi máa ṣe àṣekágbá lọ́dún yìí. Ẹ̀yin, tí ẹ kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé?"

"Kò sí ẹni tó béèrè."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ọ tó ń lu nǹkan nínú yàrá, bóyá ìrọ̀rí, bóyá ògiri. Abdulsobur dé láti ibi tó ti lọ já ẹrù, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ọkọ ọmọ?

Kókó ọmú ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. A padà sí Òṣogbo. Dókítà Oyèdàmọ́lá ka ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Hamatómà," ó wí. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó wà nínú ọmú gbogbo obìnrin náà ló wà nínú rẹ̀: ọ̀rá, ẹran tó ń ṣe omi ọmú, àti iṣan tó so wọ́n pọ̀. Wọ́n kàn kóra jọ síbi kan ni, awọ tín-ín-rín sì bò wọ́n, bí ìgbà tí ọmú kékeré bá wà nínú ọmú. Kò wọ́pọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ títí ayé láìpa èèyàn. Bó bá tóbi jù, a máa ń yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀pà kúrò nínú èèpo. Òun nìkan."

"Òun nìkan," Ṣẹ̀fíátù tún un wí.

"Òun nìkan, mà."

Ṣùgbọ́n kò gbà pé bákan náà ni ti ọ̀tún títí òun yóò fi rí ìwé. Ó fi ẹ̀rọ ya inú ọmú náà, ó sì fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ nìkan lè má tó láti dá irú èyí mọ̀, pé àwọn máa ń gbé èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi èsì náà lé Ṣẹ̀fíátù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Irú kan náà ni. Ó ní kò pọn dandan kí wọ́n yọ ọ́, ó lè wà níbẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ṣẹ̀fíátù ní kí wọ́n yọ ọ́.

"Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó tún fún un lórúkọ míì."

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìfọwọ́sí wá, ó ní kí n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n tún un kà, kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí i.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó jí. Kó tó la ojú, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí àyà ọ̀tún. Ọmú wà níbẹ̀. Báńdéèjì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ńṣe ló bú sẹ́kún, tó ń fi ọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì.

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?" ó bi dókítà.

"Kò pé wákàtí kan, mà."

"Kò pé wákàtí kan! Báyìí ló rọrùn tó? Báyìí ló rọrùn tó, wọ́n sì gé tèmi dànù bí ẹ̀ka igi?"

Dókítà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò ní kó má bínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó bi í léèrè àìsàn tó ń ṣe àwọn ìbátan rẹ̀, ó sì ní kó máa padà wá lọ́dọọdún, nítorí pé nígbà tí irú kókó yìí bá ti di méjì lára ẹnìkan, ó lè wá láti ìdílé, òmíràn sì lè yọ lọ́rùn, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni mo kọ ẹ̀sùn náà. Ṣẹ̀fíátù ń sọ, mò ń kọ, ó gba ojú ìwé mẹ́rin. A fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i gbà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, a kò gbọ́ nǹkan míì. Adéyẹmọ ṣì ń rí aláìsàn, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà láàárín títì. Ó rán mẹ́ta nínú wọn wá bẹ̀bẹ̀. Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn. Wọ́n ní kádàrá ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dárí ji ọmọnìkejì rẹ̀ ni Ọlọ́run ń dárí jì.

"Mo gbọ́, ẹ̀yin bàbá mi," ó dá wọn lóhùn. "Kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gé ọmú tí kò ní jẹjẹrẹ. Kó kọ ọ́ pé èsì dé, òun ò sọ fún mi. Kó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí mo bá rí ìwé yẹn ni ká tó máa sọ ti ìdáríjì."

Wọn kò padà wá.

Òun àti Lateef ti jọ wà nílé báyìí. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yàrá àwọn ọmọ ni Ṣẹ̀fíátù ń sùn. Àsmá'ù tún ìdánwò ṣe, wọ́n gbà á padà. Kí ó tó wọlé, Abdulsobur wá bá mi nílé-ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. "Ẹ̀yin tíṣà," ó wí, "ṣé lóòótọ́ ni pé nítorí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn ló ṣe fẹ́ mi?" N kò lè purọ́ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Oṣù kan gbáko ni kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀fíátù ni ọmọ wọn ń gbé. Tí Àsmá'ù bá wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni bá àlejò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kò kán an lójú.

Àwọn obìnrin ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, kì í ṣe nítorí aṣọ. Ó ti mú mẹ́rin nínú wọn lọ sí Òṣogbo. Ti mẹ́ta kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ti ẹ̀kẹrin, obìnrin kan láti Kuta, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí i, ó ti ń gba oògùn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba èsì tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń fi èsì fúnni lójú fèrèsé sọ pé ìwé náà kò tíì jáde, kí wọ́n padà wá l'Ọ́jọ́rú. Ṣẹ̀fíátù bi í pé ọjọ́ wo ni ilé àyẹ̀wò tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ẹni náà ní òun kò mọ̀. Ṣẹ̀fíátù ní kó lọ wò ó. Ẹni náà ní kó má pariwo mọ́ òun.

"Mo máa pariwo," Ṣẹ̀fíátù wí, ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ fèrèsé, ó fi obìnrin Kuta náà jókòó, òun náà jókòó tì í. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi gbé ìwé náà jáde.